Aṣọ Funfun Tí N Kò Gbé Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ orí fóònù yìí, kí ẹ tó fi orúkọ mi sọ ẹgbẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán. Ìbùkúnọlá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ló ní kí n kọ bí àwa ará àtijọ́ ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa gbé fóònù sápò. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Ìtàn náà dùn títí ó fi dé ibì kan, ibẹ̀ ni mo sì ti ń dákẹ́ sí láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. N kò ní dákẹ́ síbẹ̀ lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1987, ilé tó ní tẹlifóònù kò pọ̀ ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ Simon, ọkọ mi, ló gbé tiwa wá, nítorí òun ló ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe káàkiri ìlú. Dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, mo sì fi aṣọ pelebe tí mo fọwọ́ ara mi hun bò ó bí ẹni bo ọmọ tó ń sùn. Ràmọ́tà, ìyá Sàídù, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, náà ní tẹlifóònù nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Ẹ̀yìn ilé wa ni Sàídù, ọmọ rẹ̀, ti ń ránṣọ, nítorí náà ni ìyá ṣe ń pè mí, èmi tí mo ń ṣe tíṣà nígbà náà. "Tíṣà mi, ẹ bá mi yọjú sí ọmọkùnrin yẹn. Ṣé ó ti jẹun, àbí òwú ló ń jẹ?" Orí oúnjẹ Sàídù la ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ a dé orí oògùn tí kò sí lọ́jà, a dé orí ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn, a dé orí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wàhálà bá dé bá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ènìyàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, yóò sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sàídù, òun náà yóò pè mí. Bó bá jẹ́ tiwa, èmi ni n ó pè é. Mùsùlùmí ni o, ọmọ Áńgílíkà ni o, Àgùdà ni o, a kì í béèrè.

Aṣọ funfun kan ni àdúgbò fi ń mọ̀ pé ìpè ti dé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ń fi sí. Bí mo bá ti gbọ́ ìpè tán, mo ní láti gbé e kọ́ sára irin fàráńdà. Ẹni tó bá rí i gbọdọ̀ yà wọlé, kò sì gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ Ọ̀yọ́: kí àlejò tó béèrè omi, ó ti kí bàbá, ó ti kí ìyá, ó ti kí ẹni tó wà lóko. Ṣùgbọ́n níbi tí aṣọ yẹn bá wà, "Kí ló dé?" nìkan ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ìyá Sàídù ló dá a lábàá. Ó ní, "Tíṣà mi, kí àwọn ará yín tó kí ara wọn tán, aláìsàn á ti dé ọ̀run, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ará ibẹ̀." Mashood, ẹni tó ni píkọ́ọ̀pù tó ń gbé wa kiri, a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Tóbi, ẹ má bínú o. Ilé yín nìkan ni mo ti ń ya ọmọ tí wọn ò kọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi."

Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí bí àárò ìyá. Ìyá Sàídù àti èmi kì í fojú kan ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀ bó bá ń jẹ obì lọ́wọ́, mo mọ̀ ọ́n bí òjò bá ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kó abọ́ wọlé. Bí a bá ti gba aláìsàn kan sílẹ̀, yóò pè mí, ẹ̀rín nìkan ni n ó gbọ́.

Nígbà tó yá, àìsàn kíndìnrín dá Simon dùbúlẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fún wa láyè láti rí dókítà kan ní Ìbàdàn. Epo wọ́n nígbà náà, ọkọ̀ Mashood nìkan la lè gbójú lé, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò gbé wa lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Simon ń wọṣọ nínú yàrá nígbà tí tẹlifóònù dún. Ìyá Sàídù ni, ọ̀rọ̀ Bushrah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló bá dé.

"Tíṣà! Bushrah ti bí. Obìnrin ló bí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n ti yẹ tiwa wò níbí, kò bá a mu. Ẹ̀jẹ̀ Sàídù ló bá ti àbúrò rẹ̀ mu. Ẹ ní kí Mashood gbé e wá kíá!"

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá Sàídù."

Ó ní, "Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà."

Mo mú aṣọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo dé fàráńdà. Mashood ń bu omi sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Sàídù lẹ́yìn ilé, ó ń lọ geere. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé aṣọ yẹn kọ́, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mashood yóò kọrí sí. Mo lè sọ fún Sàídù nìkan pé kó lọ wọkọ̀ ní gáréèjì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé etí Mashood. Mo sọ fún ara mi pé wọn ò ní ṣàìrí ẹlòmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún ọkàn mi, ó sì yá ọkàn mi lára láti gbà á. Mo ká aṣọ náà, mo fi í sí abíyá.

Simon jáde wá. "Ta ló pè?"

"Ẹnì kan tó ṣi nọ́ńbà ni."

A lọ sí Ìbàdàn. Lọ́nà, aṣọ yẹn kan náà ni mo fi ń nu òógùn ojú ọkọ mi. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní dókítà kò wá síṣẹ́.

Bushrah kú kí a tó padà dé. Àwọn aládùúgbò sọ pé tẹlifóònù ń dún ṣáá nínú ilé tí a tì. Ohun tí wọ́n sọ yìí ni mo sá sí abẹ́ rẹ̀. Nítorí lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Sàídù àti Sàídù wá bá mi ní fàráńdà. Ojú ọmọkùnrin náà pọ́n. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ̀mọ́, wọ́n ní ẹ ń tajà lọ́wọ́ ni, pé ẹ̀yìn tí ọjà dá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pè. Mo wà níbí o! Mo ń rán ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni, àbúrò mi ń kú lọ!"

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. "Tíṣà mi, ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ gbé e. Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ikú Bushrah burú, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyí. Mo yọ ọwọ́ mi. Mo ní, "Ìyá Sàídù, ọ̀fọ̀ ló dà yín lọ́kàn rú. Ó ní láti jẹ́ ẹ̀yìn tí a ti lọ lẹ pè."

Simon jókòó nítòsí. Ó wò mí, ó sì gbójú wolẹ̀.

Ìyá Sàídù kò ṣépè. Ó rọra dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. "Ẹ kú ilé o, Tíṣà. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá wa kí àwọn ọmọ." Obìnrin tí kì í kí mi kó tó sọ ohun tó ń dùn ún, ó kí mi bí ẹni kí àlejò, ó sì lọ. Ó kó kúrò ní Ọjà Igbó, ó padà sí oko bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Sàídù kò bá a jẹun pọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá Sàídù fúnra rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ tí Bushrah bí, bàbá rẹ̀ gbé e fún Sàídù àti ìyàwó Sàídù tọ́, ẹ̀yìn ilé mi ló ti kọ́ ìrìn, wọ́n sì kọ́ ọ pé ọjà ni ìyá àgbà rẹ̀ fẹ́ràn ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ìwọ ni, Ìbùkúnọlá.

Nígbà tí Simon ń kú lọ, ó pè mí mọ́ra. Ó ní, "Fọláṣadé, ẹni tó ṣi nọ́ńbà yẹn, ṣé o ti pè é padà?" Mo sunkún. N kò pè é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i nínú ẹgbẹ́ yín bí ẹnì kan ṣe ní òun ń wá ẹ̀jẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún obìnrin tí wọn kò mọ̀ rí. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìpè sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo láé, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìbá ṣe pé mo gbé aṣọ yẹn kọ́, bóyá àdúgbò ì bá wá ọkọ̀ kejì, bóyá Simon fúnra rẹ̀ ni ì bá ní ká dúró. N kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣoore. Ẹ mú orúkọ mi kúrò. Bí ẹ bá ń wá orúkọ, Ràmọ́tà ló ni ín.

Ìbùkúnọlá, ìyá àgbà rẹ ṣì wà láàyè ní Ìkòyí-Ilé. Lọ bá a. Sọ fún un pé Tíṣà ní òótọ́ ni, ó pè, ó pè lásìkò, mo sì gbọ́. Mo ń bẹ ọ́, mo ń bẹ òun náà. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, kó ṣáà gbọ́ ọ kó tó kú.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé aṣọ náà kọ́ sára irin fàráńdà. Obìnrin kan tó ń kọjá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá, ẹ ti fọṣọ." Kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí o bá wá, má kúnlẹ̀, má sì kí mi. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí o bi mí pé kí ló dé. N ó sọ ọ́ lójú rẹ.