Orin Ìdúpẹ́ fún Apànìyàn

Nínú takisí tó ń ti Osi lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, mo gbọ́ bí ìyá ọlọ́mọ kan ṣe ń rojọ́ fún ìyá àgbà tó jókòó tì í, èmi náà sì tẹ́tí nítorí mo lọ́mọ nílé.

"Mà, láti ìgbà tí ọmọ mi ti wo fíìmù apànìyàn yẹn, kò lè dá sùn mọ́. Lẹ́tà orúkọ fíìmù náà gan-an ń kán tótó bí ẹ̀jẹ̀. Kámẹ́rà wá ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan lẹ́yìn, àfi bí ẹni pé àwa là ń lé e."

"Orin inú ẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á. Pa ohùn ẹ̀, kí ẹ máa kọ orin ìdúpẹ́ sí i."

"A ti ṣe é, mà. Apànìyàn gbé ọ̀bẹ, ó wá dà bí ẹni tó ń jó gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó sì dá sùn."

"Kí ló wá kù?"

"Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n dá orin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Bàbá Ìjọ ṣe jó jáde, ọmọ mi di ìró mi mú: 'Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa.'"

Ìyá àgbà yíjú sí i.

"Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?"