Fẹ́ǹsì Gbígbóná Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Ìwọ tó ń họra lẹ́yìn yẹn, họ ọ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dún, òun ló máa sọ ìyókù ìtàn fún wa. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó jí ilẹ̀ ni mo gbé dé, àmọ́ ilẹ̀ ara rẹ̀ ló jí, aládùúgbò rẹ̀ ló sì jí i fún. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tó là á sílẹ̀ lójú gbogbo wa.

Ìyá Oníbúrẹ́dì là ń pè é. Ó ti dàgbà, àyà rẹ̀ ń ṣe ségesège, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ohun tó bá wúwo mọ́. Ó ní, "Dókítà, èyí tó wúwo jù lọ́wọ́ mi, ojú ò rí i." Dókítà rò pé àdúrà ló ń gbà, ó ṣe àmín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá ń yan búrẹ́dì báyìí. Ẹ̀yìn ààrò wọn fara ti fẹ́ǹsì tó wà láàárín wọn àti alágbàfọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tiro, tó máa ń kí èèyàn bíi pé ìrìn àjò lèèyàn ti ń bọ̀. Ògiri lanu lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláǹgbá ò lè wọ èyí, torí ó gbóná. Fẹ́ǹsì náà ti là láti orí dé ìdí, ó wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń wá ẹni tó máa fara tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìlú dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa àti àgádágodo. Ó fi ọ̀dà fa ìlà gbọọrọ sára fẹ́ǹsì.

"Ta ló ni èyí?"

Alágbàfọ̀ jáde pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. "Èmi ni, ọ̀gá."

"Ẹni tó bá ni ín ló máa wó o, òun ló sì máa tún un kọ́. Títí o fi máa kọ́ ọ tán, màá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa."

Ìyàwó alágbàfọ̀ káwọ́ lérí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Aṣọ oníṣọ́ọ̀bù, aṣọ tíṣà, aṣọ ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó lọ́la, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ibẹ̀! Kí la fẹ́ sọ fún wọn? Kí la fẹ́ jẹ?"

Òṣìṣẹ́ ti kọjú sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń ṣí àgádágodo.

"Má tì í!"

Gbogbo wa wẹ̀yìn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń bọ̀, ó ń fi àpótí ìjókòó tilẹ̀ bí ọ̀pá. Ọmọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ìyẹ̀fun wà nírùngbọ̀n rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Wọlé kẹ̀? Sàréè ni mo máa wọ̀ láìpẹ́. Jẹ́ kí n gbádùn ìta díẹ̀."

"Màmá, ẹ fẹ́ tú wa nílé o. Ààrò yẹn la gbójú lé!"

"Èmi ni mo gbé e kalẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń tú." Ó jókòó sáàárín títì, ó na ẹsẹ̀, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ pín búrẹ́dì.

"Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo ni fẹ́ǹsì yìí. Ọkọ mi ló mọ ọ́n, orí ilẹ̀ wa ló mọ ọ́n sí. Nígbà náà, òkúta ààlà wà lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Ọkọ mi fẹ́ràn fẹ́ǹsì yẹn ju ìyá mi lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn. Alágbàfọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kóun so okùn aṣọ mọ́ ọn, torí iná ààrò wa ń mú kó móoru, aṣọ á gbẹ lójò. Ọkọ mi ní kó lọ so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Nígbà tó kú, mo sọ ààrò di ńlá. Bíríkìlà ní, 'Ìyá, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ààrò àti fẹ́ǹsì, iná á là á o.' Mo ní, 'Ṣé ìwọ lo máa bọ́ àwọn ọmọ mi ni?' Mo gbé ẹ̀yìn ààrò ti fẹ́ǹsì. Kò pẹ́, ó lanu lọ́dọ̀ wa. Mo fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó tún lanu. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tó bá yọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, gbogbo ayé á ní kí n wó ààrò. Opó ni mí nígbà yẹn, ẹnu ààrò náà sì ni gbogbo ọmọ mi ti ń jẹun. Ẹ má ṣàánú mi o! Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

"Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ bíi pé ẹnì kan gbàgbé ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Ewúrẹ́ gan-an ò sí níta. Mo daṣọ borí, mo lọ síwájú ilé, níbi tí òkúta ààlà wà. Mo ti múra ìjàkadì, torí ọkùnrin méjì ló gbé òkúta yẹn wá. Mo dì í mú, mo fà á, àfi wọ̀ọ̀! Ó yọ bí eyín ọmọdé tó ti ń mì tẹ́lẹ̀. Mo ní, 'Òjò, o ṣeun, ìwọ náà mọ̀ pé opó ni mí.' Ẹ wo olè tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò! Mo yí i gba iwájú fẹ́ǹsì, mo rì í sápá ọ̀dọ̀ wa, mo tẹ ẹrẹ̀ lé e. Kí òjò tó dá, fẹ́ǹsì ti di ti alágbàfọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ wá jí ilẹ̀ yín fún un?"

"Pa eyín rẹ mọ́, mi ò tíì débi tó burú. Nígbà tí ògiri là dọ́dọ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo lọ pe awọnlẹ̀. Mo lọgun: 'Alágbàfọ̀, wá tún fẹ́ǹsì rẹ ṣe, kó má wó lu ààrò mi!' Èmi tí mo fi iná là á! Awọnlẹ̀ wo òkúta, ó ní ti alágbàfọ̀ ni. Mo rò pé á jà. Ó kàn tẹríba, ó ní, 'Bí òkúta bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá, ta ni èmi tí màá bá òkúta jiyàn?' Lọ́jọ́ kejì ló kan ìṣó, ó so okùn. Mo ní nínú ara mi pé, òmùgọ̀ rèé. Láti ìgbà náà, ó ń gun àkàbà, ó ń lẹ ohun tí mò ń là. Lọ́jọ́ kan ó jábọ́. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ kí i. Ó ní, 'Ìyá, irú aládùúgbò yín ṣọ̀wọ́n.' Mo jókòó tì í, mo sì bá a jẹ nínú búrẹ́dì náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá gbé àgbọ̀n sókè.

"Mi ò kúnlẹ̀ o. Bí ebi bá tún fẹ́ pa ọmọ mi, màá tún yí òkúta. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá a jẹ búrẹ́dì yẹn. Òṣìṣẹ́, gbé àgádágodo rẹ wá sí ilé búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ mí lókùúta, òkúta ààlà nìyẹn, ẹ mú un, ó ti mọ ọwọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jalè. Bí ẹ bá sì máa jí nǹkan, ẹ má jí i fún ẹni tó máa máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ń pa èèyàn."

Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Òṣìṣẹ́ mú àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn alágbàfọ̀, ó kọjú sí ilé búrẹ́dì.

"Ọkọ mi, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n fi ọ́ ṣe?" ìyàwó alágbàfọ̀ pariwo. "Sọ̀rọ̀ jàre!"

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà rẹ̀ kan nu ojú, ó tiro wá síwájú, ó lóṣòó ti àpótí Ìyá Oníbúrẹ́dì.

"Ìyá, kì í ṣe òjò ló mi òkúta yẹn o: èmi ni mo ti wú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, irin tí màá fi gbé e sọ́dọ̀ yín ni mo wọlé lọ mú."