Ẹni Tí Kì Í Dáhùn Ìpè Àkọ́kọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó sọ pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mi ò lè jókòó sínú pálọ̀ ara mi kí ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa dúró. Bí mo bá ń ro ọbẹ̀, mo máa gbé ìgbákọ sókè kí n lè fetí sílẹ̀. Ìkòsí tí à ń gbé kì í ṣe àdúgbò tó ń dákẹ́, ọkọ̀ tó ń kó tòmátò lọ sí ọjà Mile 12 kì í sinmi ní títì wa, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni mò ń wá nínú gbogbo ariwo yẹn. Ohùn Jámíù ọkọ mi ni, tí a ti sin láti ìgbà òjò tó kọjá.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èmi àti Jámíù jọ ń ṣe, ní ọ́fíìsì kan ní Ògùdù. Òun ló kọ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn fi ń mọ iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ ata àti tòmátò ní Mile 12 kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìyá rẹ̀ ti ta ata níbẹ̀ títí orúnkún fi sọ pé ó tó, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi jẹ ẹ́ lógún. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PHP ló fi kọ ọ́. Àwa yòókù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èdè àwọn àgbà ni, òun a sì rẹ́rìn-ín.

Ìwà kan wà lára ọkọ mi tó máa ń bí mi nínú. Bí mo bá wà ní kíṣìnnì tí mo pè é, kò ní dáhùn. Tí mo bá tún pè é, yóò ní, "Ta ló ń pè mí?" Ta ni ì bá tún jẹ́, nínú ilé tí kò ju yàrá méjì lọ? Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, pé ẹni tí o kò bá rí ojú rẹ̀, má dá a lóhùn nígbà àkọ́kọ́, nítorí ohun tó ń pè ọ́ lè má jẹ́ èèyàn. Àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ pé, "Èmi Àmọ̀kẹ́ ni," ló máa dáhùn kíá. Òun nìkan ló sì ń fi oríkì yẹn pè mí látìgbà tí àwọn òbí mi ti kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀gá wa ní àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ìkànnì náà ń falẹ̀. Ọmọkùnrin ni ọ̀gá náà, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní kí n ṣe ohun tí à ń pè ní benchmark: kí n fi èdè kọ̀ǹpútà méjì mìíràn, Python àti JavaScript, kọ iṣẹ́ kan náà, kí n kó àwọn méjèèjì àti ti Jámíù sórí kọ̀ǹpútà kan, kí n máa pè wọ́n léraléra, ìyẹn ni pé kí n máa béèrè iye ọjà lọ́wọ́ wọn, kí n wo èyí tó ń yára dáhùn jù. Èyí tó bá ṣe ipò kìíní la máa lò. Àwọn tó kù, a máa pa wọ́n rẹ́. Ṣé ẹ rí ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́? Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi sílẹ̀ láyé tó ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ni kí n wọ̀n ọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀. Python dáhùn. JavaScript dáhùn, ó sì yára. Mo pe ti Jámíù, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn, láti ìgbà náà lọ ó sì yára ju àwọn méjì tó kù lọ pátápátá. Mo pa á, mo tún tan án. Ohun kan náà ni. Mo ka iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ohun tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ó tún dákẹ́ sí ìpè àkọ́kọ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, síbẹ̀ mo bojú wẹ̀yìn.

Mo sọ fún ọ̀gá pé nínú irú ìdánwò yìí, a kì í sábà ka ìpè àkọ́kọ́ sí, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun nígbà yẹn ni.

"Aunty, kó falẹ̀ yàtọ̀ sí kó má dáhùn at all," ló wí. "Ìyá tó dúró sínú oòrùn ní Mile 12, ṣé ó máa pè é twice ni? Ẹ ka first call mọ́ ọn, please."

Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, tí àwa méjèèjì jọ ń gbé báyìí, bí àwàdà, pé iṣẹ́ Jámíù ń ṣe bíi Jámíù. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àlùbọ́sà tí wọ́n ń bó sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé o sọ ẹni tó ń pè é fún un?"

"Mama, kọ̀ǹpútà ló ń pè é."

"Ẹn-hẹn. Kí ló dé tó fi máa dá ohun tí ò lójú lóhùn?"

Lọ́jọ́ kejì, ojú tì mí láti ṣe é, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ìpè tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìkànnì ní àyè tí èèyàn lè kọ orúkọ sí. Jámíù kò fìgbà kan kọ ọ́ pé kí iṣẹ́ rẹ̀ máa ka àyè yẹn. Mo kọ Àmọ̀kẹ́ síbẹ̀, mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó gbé ìka kúrò, ó ti dáhùn, ó sì yára ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Mo bú sẹ́kún nídìí tábìlì. Àwọn ará ọ́fíìsì rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé èyí fún ọ̀gá? Ìdánwò tí ẹni tí à ń dán wò ti mọ ẹni tó ń pè é, ìdánwò wo nìyẹn? Mo yọ orúkọ mi kúrò, mo fi àbájáde ránṣẹ́ bó ṣe rí. Torí ìpè àkọ́kọ́ tí ti Jámíù kò dáhùn, JavaScript ló gbégbá orókè. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi pa iṣẹ́ ọkọ mi rẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Mama wà ní mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan ló wà nílé, mò ń ká aṣọ ní yàrá. Láti pálọ̀, ẹnìkan pè mí: "Àmọ̀kẹ́." Ó jọ ohùn Jámíù, kò ga, bí ẹni tó fẹ́ béèrè omi. Ẹnu mi ti là láti dáhùn kí n tó rántí ohun tí Mama kọ́ Jámíù. Mo pa á dé. Mo di aṣọ mọ́ àyà, mo dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Mo dúró títí Mama fi ti ìlẹ̀kùn wọlé.

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ó sọ pé Jámíù lòun?" Mo ní rárá. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Mama ti gbé àga wọn kọjú sí pálọ̀, wọn kì í sì í tan rédíò mọ́.

Inú mi bà jẹ́ gan-an. Nígbà tí mo dárúkọ fún un, ó dá mi lóhùn. Nígbà tó pè mí, mo dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó pè mí lẹ́ẹ̀kejì, torí Mama ní bó bá jẹ́ ọmọ òun, yóò tún pè. Mo ti mọ̀ pé màá béèrè ẹni tó ń pè mí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí mo máa ṣe bí orúkọ tó máa fi dá mi lóhùn kò bá jẹ́ Jámíù.