Òrùka Tó Ṣí Lọ sí Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀yin ẹbí mi, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jẹ fatta, ìrẹsì àti búrẹ́dì olómi ẹran, nílé mi lọ́jọ́ ọdún Iléyà, tí ẹ sì rí Lutfi tó ti àwo ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bínú bọ́ síta, ẹ jókòó kí n sọ òótọ́ fún yín, nítorí kò tún ṣeé gbé mì mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń fi àbúrò mi Insaf ṣe ọ̀rọ̀ sọ, pé ó ti lọ́kọ rí kó tó fẹ́ Lutfi, ó sì fi pa mọ́ fún un láti ìgbà èwe wọn. Irọ́ ni. Kò lọ́kọ rí. Èmi Wagdi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji yín, èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ibi náà, èmi náà ni mo sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi tó wà ní Kuwait ló fi ẹ̀rọ sìkánà kan ránṣẹ́ sí mi, pẹlẹbẹ, onígíláàsì lójú, pé kí n máa fi da àwọn fọ́tò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ilé má baà máa sú mi. Láti ìgbà tí Dawlat ìyàwó mi ti kú, ilé náà dákẹ́ débi pé láti orí ibùsùn ni mo ti ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn. Bàbá wa fi páálí bàtà mẹ́ta sílẹ̀, ó kún fún fíìmù kéékèèké aláwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú férémù tirẹ̀, àwọn tó máa ń fi iná tàn sára ògiri fún wa nígbà ọmọdé. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí Dawlat fi ń kun àtíkè ni mo fi ń gbọn eruku wọn. Irun kan tí mi ò rí lẹ̀ mọ́ òkè ètè ìyá wa àgbà, ó di irunmú. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Bàbá, ojú kan fíìmù ń dán, ojú kejì kò dán o. Tí ẹ bá dà á dé, ọ̀tún á di òsì." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Kí n tó bí ọ ni mo ti ń wo fíìmù." Arúgbó tí kò gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu nìyẹn.

Lọ́jọ́ ọdún, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ń pariwo, ẹ ń pàtẹ́wọ́, títí tó fi kan fọ́tò etí òkun Agami: Insaf nìyẹn, ọmọge, ó jókòó lórí iyanrìn pẹ̀lú Nazmi, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn kò pẹ́ tó fi dàrú. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn Nazmi. Lutfi pàápàá a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùka wúrà wà lọ́wọ́ Insaf, ọwọ́ òsì ló sì wà. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ti àfẹ́sọ́nà, pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni òrùka ń ṣí lọ sí òsì? Lutfi dìde.

"Insaf, kí ni mò ń wò yìí?"

"Etí òkun ni, Bàbá Hatem. Kí tún ni?"

"Ọwọ́ òsì ńkọ́? O ti wọlé ọkọ kí n tó mọ̀ ọ́!"

"Mo fi sàréè bàbá mi búra, òrùka yẹn ò kan ọwọ́ òsì mi rí!"

"Ṣé fọ́tò ló wá ń parọ́ mọ́ ọ?"

Gbogbo yín kọjú sí mi, èmi ọ̀gá sìkánà. Mo la ẹnu mi tó yẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, mo ní, "Sìkánà kì í fi kún nǹkan, kì í sì í yọ kúrò."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fọ́tò náà di ńlá lójú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ apẹja kan wà lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì kọjú sódì. Èmi ni mo da fíìmù náà dé. Ọmọlúàbí ì bá gbé fóònù. Èmi, mo jókòó, mo pa orúkọ ọkọ̀ náà rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo fi àwọ̀ òkun dí ibẹ̀, mo sì fi fọ́tò ọ̀hún ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo yín. Fíìmù gan-an ni mo tì bọ abẹ́ awọ tó tẹ́ inú àpótí tawla mi, ayò tí a ń fi dáìsì ta.

Ìtìjú ni mo kọ́kọ́ ń sá fún. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, Lutfi gbé báàgì rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Alhaji, ẹ̀yin nìkan lẹ bá mi sọ òótọ́ nínú ilé yẹn." Ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì, mo sì ní kó wọlé. Láràárọ̀ ló ń din ìgbá pẹ̀lú ááyù. Ó ń húkọ́, ó ń kọrin burúkú nínú balùwẹ̀, ó sì ń ṣe màgòmágó nídìí tawla.

"Mẹ́fà-mẹ́fà ni mo ta, Alhaji!"

"Mẹ́fà àti márùn-ún ni, olè!"

Mi ò gbọ́ ìró fíríìjì mọ́. Ohun tó ń tì mí lójú jù rèé: inú mi dùn. Àbúrò mi ń sunkún nílé rẹ̀, inú èmi ń dùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kan, Insaf gbé ìkòkò ẹyẹlé tí wọ́n kó ìrẹsì sí nínú wá. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Bọ̀ọ̀dá Wagdi, mi ò wá bẹ ẹnikẹ́ni o. Fíìmù tí bàbá yà ni mo wá gbà. Ẹ gbé e wá, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wò ó."

Mo wo Lutfi. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ó ti wọ bàtà rẹ̀. Àwáwí díẹ̀ péré ni ọkùnrin náà ń wá láti padà sílé. Àpótí tawla wà lórí itan mi.

Mo ní, "Eku ti jẹ ẹ́."

"Eku? Nínú ilé tí Dawlat fi ológbò méjì sílẹ̀ sí?"

"Wọ́n ti darúgbó."

Insaf wò mí títí. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù," ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Lutfi bọ́ bàtà rẹ̀. A ta ayò lórí fíìmù náà gan-an, mo sì jẹ ẹyẹlé méjì.

Nígbà tí òtútù dé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi. Dókítà ní òkúta wà nínú àpò òróòro mi, àwọn máa là á, iṣẹ́ kékeré ni. Ó ń sọ ti iṣẹ́ kékeré, èmi ń rí posí. Mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí ilé ìwòsàn, mo ní kí Lutfi gbé tawla dání. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé a fẹ́ ta ayò. Mo ní, "Ṣí awọ yẹn." Mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Lutfi gbé fíìmù náà sókè síbi fèrèsé. Ó yí i, òrùka wà lósì. Ó tún yí i, orúkọ ọkọ̀ apẹja ṣeé kà, òrùka sì bọ́ sọ́tùn-ún. Insaf kò tilẹ̀ wò ó; òun ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Alhaji," Lutfi wí jẹ́jẹ́, "láti Iléyà ni mo ti ń fọ abọ́ yín." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyàwó rẹ̀, omi lójú. "Insaf, dákun, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Insaf lọ síbi omi, ó fi ọṣẹ pa ìka rẹ̀, ó fa òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ tagbáratagbára títí ó fi yọ lọ́wọ́ òsì. Ó fi í sí ọ̀tún.

"Ṣé ọwọ́ lẹ ń wò? Ẹ wò ó dáadáa. Mo ti padà di àfẹ́sọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó wá tọrọ mi nílé ẹbí mi, kó mú nǹkan dídùn dání, kó sì ká ọwọ́ rẹ̀ sára."

Mo ní, "Àbúrò mi, dárí jì mí, mò ń kú lọ."

"Ẹ ò gbọdọ̀ kú! Ta ló máa jókòó sáàárín wa, kó má baà fọwọ́ kàn mí?"

Mi ò kú. Insaf ti kó wá sọ́dọ̀ mi, ó ti fi iyọ̀ pa mọ́ fún mi, ó sì ti gbẹ́sẹ̀ lé tawla. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Lutfi ń ti ilé wọn wá, ó pa irun rẹ̀ láró, ó gbé páálí àkàrà dídùn bàsbúsà lọ́wọ́, èmi a sì jókòó sáàárín wọn. Insaf ní òrùka kò ní kúrò níbẹ̀ títí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ rí fọ́tò náà yóò fi gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi. Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ dárí jì mí, ẹ sì lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ojú fíìmù kí ẹ tó dé ìdérí sìkánà. Bí ẹ bá sì ṣì í, ẹ tètè wí, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà kó tún bọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ilẹ̀ ń ṣú, mo ń wo ìta. Mo rí wọn nínú gíláàsì fèrèsé: wọ́n ti di ọwọ́ ara wọn mú lẹ́yìn àga mi. Nínú gíláàsì náà, ọwọ́ òsì ni òrùka Insaf wà. Mi ò yíjú padà.