Adìẹ Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Èèyàn

Níbi tí mo ti ń dúró ra oúnjẹ adìẹ ní Ṣàngótẹ̀dó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ìyá àgbà kan tó wà níwájú mi.

"Mọ̀mí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọge adìẹ mi ti rọ lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ti nawọ́ sí i, ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn. Mo máa pa á kó tó kú."

Ìyá àgbà bi í pé, "Ogbe orí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó pọ́n bí ata."

"Má pa á. Ṣe ìtẹ́ fún un lọ́tọ̀, kí àwọn àgbà adìẹ má baà lé e. Adìẹ tó bá ti ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, ó ti fẹ́ yé ẹyin nìyẹn."

Obìnrin náà káwọ́ lérí.

"Abájọ tí mo fi bá ẹyin wẹ́wẹ́ nínú èyí tí mo pa lánàá."