Òrùlé Tí Mo Fi Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Kàn

Bí òjò bá ti ń ṣú, inú àwọn aládùúgbò mi a máa dùn pé ooru yóò rọlẹ̀ díẹ̀. Èmi a máa wá ibi tí mo máa sá sí. Àtíbàbà kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Sùúrùlérè báyìí tí kì í jò rárá. Kí òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀kán kan kò ní í kán sílẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa gbọ́ bí omi ṣe ń lu páànù, tí wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún ọwọ́ tó kàn án. Wọ́n rò pé ọwọ́ mi ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ọwọ́ mi. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ mi kàn, èyí tó sọ ìyá tó bí mi di ẹni tó ń gbára lé irin kó tó lè rìn. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ìyá sì ń bínú sí nítorí ẹ̀ títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Káfíńtà ni bàbá wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé àpò irinṣẹ́ wá sí Èkó, iṣẹ́ òrùlé ni wọ́n sì fi tọ́ wa. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí Ìyá ń pè ní Àkànní, kọ́ iṣẹ́ Bàbá. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Mushin títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n rán lọ síléèwé. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi àti Ìyá nìkan la sì jọ ń gbé ilé Bàbá láti ìgbà tí ìyàwó mi ti di olóògbé. Àṣà kan wà tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa. Bí wọ́n bá kan òrùlé tán, wọn kì í jẹ́ kí onílé kó ẹrù síbẹ̀ títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò náà bá rọ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò gbé àpótí lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin, wọ́n á gbójú sókè. Wọ́n ní ẹni tó kàn án ni kó kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ dán an wò. Ẹ̀gbọ́n mi kò yẹ àṣà yìí rí. Ìyá náà kò jẹ́ jókòó sábẹ́ òrùlé tuntun láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló jókòó sábẹ́ òjò?"

Igi máńgòrò kan ló wà lẹ́yìn ilé wa tẹ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Ìyá ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ rédíò. Nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ la fẹ́ǹsì, mo ní kí wọ́n gé e, mo sì lẹ táìlì sí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ó mọ́, ó ń dán, àmọ́ oòrùn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Ìyá bá wọ yàrá lọ. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wá di ẹni tó ń jókòó ti fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ooru. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, màá kan àtíbàbà kan fún yín síbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìwọ? Ọmọ ìwé! Bírò ni kó o máa dì mú, ọkọ mi. Bá mi pe Àkànní." Wọ́n fi ṣàwàdà ni o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Èmi ni mò ń se oúnjẹ wọn, èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn. Ṣé kò wá sí nǹkan kan tí ọwọ́ tèmi lè ṣe tí wọ́n á fi yangàn ni?

Mo lọ ra igi, mo ra páànù. Orí fóònù ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Òyìnbó kan wà nínú fídíò tó kan tiẹ̀ láàárín ọ̀sán kan, tó ń súfèé bó ṣe ń kàn án. N kò rò ó pé òjò ìlú tiwọn dà bí omi tí èèyàn ń wọ́n sára aṣọ tó fẹ́ lọ̀, pé tiwa ń bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn da àgbá omi nù. Mo ri òpó méjì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mo fi ìṣó kan igi gbọọrọ kan mọ́ ògiri ilé, mo wá to igi yòókù lé e láti fẹ́ǹsì dé ògiri. Bí mo ṣe fẹ́ máa gbé páànù lé e ni Bàbá Wàídì, ẹni tó ni ilé kejì, yọrí lókè fẹ́ǹsì.

"Injiníà tuntun! Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o, Bàbá Wàídì."

"Ṣùgbọ́n omi orí yín, orí yín ni kí ẹ fi rù ú o. Tó bá kán sí ọgbà mi, màá gbé korobá sí i, màá sì pọn ọ́n padà wá fún yín."

Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi òrùlé kì í ṣe eré. Ó ti sọ aládùúgbò méjì di ọ̀tá títí wọ́n fi kú. Káfíńtà gidi yóò gé òrùlé náà kúrú kó má dé ìdí fẹ́ǹsì, yóò sì fi gọ́tà kọ́ etí rẹ̀. Èmi kò fẹ́ gé e kúrú, n kò sì fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè. Ńṣe ni mo yí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà: mo gbé e ga lọ́dọ̀ Bàbá Wàídì, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ògiri ilé wa. Mo fi síméńtì àti ọ̀dà dí ibi tí páànù ti kan ògiri. Inú mi dùn. Mo gbàgbé pé ibẹ̀ gan-an ni omi orí ilé máa ń dà sí.

Ọjọ́ kejì tí mo parí rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n yà láti kí Ìyá. Òjò winniwinni kan ń ta lọ́wọ́. Wọ́n dúró sábẹ́ àtíbàbà náà, wọ́n wo òkè, wọ́n fi ọwọ́ mi igi tí mo kàn mọ́ ògiri. Mo ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí n lè bá wọn jà. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ibo lo fẹ́ kí omi gbà?"

"Omi á ríbi gbà, Ẹ̀gbọ́n."

"Omi orí ilé, omi orí àtíbàbà, ojú kan náà lo pè wọ́n sí. Ìṣó inú ògiri àtijọ́ yìí kò sì lè gbé wọn. N ó wá ní Sátidé ká tú u. Má jẹ́ kí Ìyá jókòó síbí o. Ṣó o gbọ́?"

Ẹ wo bí ìgbéraga ṣe ń pa èèyàn! Ohùn mi lọ sókè. Mo ní, "Ṣé gbogbo nǹkan tí a bá ṣe nínú ilé yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ni? Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu ní Sátidé." Wọ́n dé fìlà wọn. "Ó dáa. Òjò á sọ fún ẹ." Wọ́n sì lọ. Ohun tí àgbà bá wí ní òwúrọ̀, bí kò bá ṣẹ ní òwúrọ̀, yóò ṣẹ ní alẹ́.

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá mọ níwọ̀n. Ìyá ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Àkànní nìyẹn, àbí?"

"Àwọn ni, Ìyá."

"Kí ló sọ nípa iṣẹ́ ẹ?"

"Wọ́n ní ó dára."

"Ta ló jókòó sábẹ́ òjò?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n jókòó títí ó fi dá." Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó parí nìyẹn. Gbé àga mi síta." Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Torí kí ìyá mi lè jókòó sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ṣe ṣe gbogbo wàhálà yẹn, orúkọ ẹlòmíràn ni mo sì fi pè wọ́n jáde.

Wọ́n gbádùn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń bá Bàbá Wàídì ṣàwàdà láti orí ìjókòó. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò ńlá dé. Ilé ìdáná ni mo wà, tí mò ń bẹ iṣu. Mo gbọ́ tí páànù ń ké bí ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, igi tí mo kàn mọ́ ògiri ti já, tòun ti ìṣó àti síméńtì, gbogbo omi tó ti gbára jọ sókè bì lu ilẹ̀. Igi náà kò ba Ìyá tí wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ló fẹ́ sá, wọ́n dìde, táìlì dídán tí mo lẹ sí ilẹ̀ sì yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Igbe tí Ìyá ké lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Egungun ìbàdí ló kán.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìdí-Àràbà ni a gbé wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n sáré dé láti Mushin, èérún igi ṣì wà ní irun wọn. Ìyá gbọ́ ohùn wọn, wọ́n yíjú sógiri. "Àkànní, ṣé ojú ẹ fọ́ lọ́jọ́ tó o jókòó sábẹ́ òjò yẹn ni? Ìwọ tí bàbá ẹ kọ́ níṣẹ́! Ọ̀rọ̀ ẹ ni mo gbọ́ tí mo fi jókòó síbẹ̀." Ẹ̀gbọ́n yí padà, wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó ti yé wọn pátápátá. Wọ́n wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọwọ́ mi ló yẹ̀."

Níta, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde. "Ta ló máa gbé wọn lọ sí ilé ìwẹ̀? Ta ló máa fún wọn lóúnjẹ? Ìwọ ni. Tí wọ́n bá mọ òótọ́ lónìí, wọn ò ní jẹ́ kó o fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi wà ní Mushin. Kí wọ́n máa bínú sí mi." Wọ́n gbọn èérún igi dànù lórí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti lè dìde dúró, kó o sọ fún wọn fúnra ẹ. N kò ní bá ẹ sọ ọ́."

Kí wọ́n tó dá Ìyá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, Ẹ̀gbọ́n wá tú gbogbo ìdọ̀tí tí mo kàn. Wọ́n kan òmíràn. Wọ́n ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, wọn kò fi òrùlé rọ̀ mọ́ ilé. Wọ́n fà á sẹ́yìn kúrò ní ìdí fẹ́ǹsì, wọ́n fi gọ́tà kọ́ etí rẹ̀ tí omi á fi gba ọ̀dọ̀ wa jáde sójú títì. Ọ̀sẹ̀ náà ni òjò rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀ láti Mushin nínú òjò náà, wọ́n gbé àpótí, wọ́n jókòó sábẹ́ òrùlé wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò lè lọ jókòó tì wọ́n. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi wo òkè. Nígbà tó dá, wọ́n dìde, wọ́n lọ, wọn kò mu omi.

Ìyá délé. Wọ́n gbọ́ tí òjò ń lu páànù, ẹ̀kán kan kò kán. "Ta ló kan eléyìí?" Ìyá fúnra wọn ló dá ara wọn lóhùn: "Ìwọ ni, àbí? O tún iṣẹ́ Àkànní ṣe." Wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n fi ẹnu kò ó. "Ọwọ́ yìí kò ní í rọ. Mo fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, o ò sì bínú." N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò tó wá kí wọn tí wọn kì í sọ fún pé ọwọ́ Àkànní ti bà jẹ́, pé ọmọ ìwé ló wá mọ iṣẹ́ Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn ọmọ ìlú wa ní Mushin. Òrùlé gbọ̀ngàn ìpàdé wọn tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e fún. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi sọ ọ́. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá di irin wọn mú, wọ́n sì dìde dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi mọ ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́: ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n dá fún mi ti pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, ṣé kò ní í jẹ́ pé mo tún wó nǹkan lé arúgbó yìí lórí lẹ́ẹ̀kejì? Bí n kò bá sọ ọ́, títí dìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n mi yóò máa fi orúkọ wọn bo ìtìjú mi? Bí ẹ bá fẹ́ kan òrùlé fúnra yín, ẹ kàn án, kò burú. Àmọ́ ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ òjò rẹ̀. Ẹ má yá orí ẹlòmíràn.

Òjò tún ti ń ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá ń pè mí láti inú yàrá pé kí n bá wọn gbé àga síta. Wọ́n ní àga méjì ni kí n gbé, kí n wá jókòó ti àwọn lónìí.