Ìpè Tí Mo Gbé Lórúkọ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo àti ìdílé wọn, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ̀rọ̀, ara mi ò gbà kí n dúró pẹ́ mọ́. Dókítà ti sọ fún mi láìfepo bọyọ̀ pé àìsàn inú mi ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè yanjú. Mi ò wá sunkún ìyẹn fún yín. Ní ìpàdé tó kọjá, alága sọ pé ìjọba tún ń gbé owó ìrànwọ́ bọ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ epo tó dákẹ́ ṣe lọ́ṣẹ́, àti pé ẹgbẹ́ wa ni yóò jẹ́rìí pé ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ epo rí, pé ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Súfèé ńkọ́?" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Alága ní ẹni tó gba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ kò sí lára wa. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí pé Súfèé kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi ni inú ń run, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàlá. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí mi ò mọ̀ bóyá màá wà níbí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ kò mọ̀ wá nígbà náà. Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi, bàbá àwọn ọmọ méjì tó jókòó ní ìlà kejì yẹn, jórinjórin ni lórí ríìgì, pẹpẹ irin tí wọ́n gbé sáàárín òkun tí wọ́n fi ń wa epo. Oṣù kan lórí omi, oṣù kan nílé. Súfèé ni ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún, torí kì í ṣiṣẹ́ kó má súfèé ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ òun àti ọkọ mi ju ti ìyekan lọ. Súfèé ló kọ́kọ́ rí mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló lọ sọ fún ọkọ mi pé ṣòkòtò rẹ̀ ti gbó, kó wá rán òmíràn lọ́dọ̀ mi. Ṣòkòtò mẹ́rin ló rán kí ó tó rí ẹnu sọ ohun tó bá wá.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ríìgì dákẹ́, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ìlú dá páropáro. Ilé oúnjẹ etíkun ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́ kò ná ọ̀nà yẹn mọ́. Ìjọba wá ní àwọn yóò máa fún ẹni tí wọ́n dá dúró lówó ìrànwọ́ lóṣooṣù fún ọdún kan. Bí iṣẹ́ bá pè é padà tí ó kọ̀, owó náà yóò dúró. Ẹni tí wọ́n lé nítorí ẹ̀sùn kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Wọ́n tún gbé aṣọ ilé-ìwé fún àwa aránṣọ ìlú kí iṣẹ́ lè wà lọ́wọ́ wa. Èmi àti ọkọ mi kò lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n à ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́dún yẹn. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ mi ń gbélé. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti òkun dé, oorun ni. Ọmọ wa obìnrin kékeré máa ń pè é ní "Bọ̀ọ̀dá tó ń sùn." Nísinsìnyí, òun ló ń mú un lọ sílé-ìwé láràárọ̀, tí wọ́n á máa jiyàn lójú ọ̀nà bí ẹgbẹ́. Bó bá dé, á bá mi lọ aṣọ, á bá mi rán bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì tó bá rán, àfi kí wọ́n pe jórinjórin mìíràn wá kí wọ́n tó lè tú u. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ara mi. Ẹlòmíràn nínú yín á fẹ́ kí n sọ pé mò ń bẹ̀rù kí òkun má gbé ọkọ mi lọ. Ì bá dùn mọ́ mi kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí ó ní ọlá díẹ̀ nínú. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kó wà nílé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi mú ọmọ lọ sílé-ìwé, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Fóònù dún. Mo gbé e. Súfèé ni.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Ọkọ rẹ dà?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ó jáde."

"Sọ fún un pé ríìgì fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ní kí n kó, òun ni mo kọ́kọ́ pè. Kó wà ní etíkun láàárọ̀ ọ̀la."

Ẹsẹ̀ mi wà lórí máṣíìnì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó rò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní bí ẹ bá pè, kí n sọ fún yín pé òun ò padà mọ́. Ó ti rí iṣẹ́ mìíràn."

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni sà. Ojú yín ló ń tì í tí kò fi lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é sí i, kó má baà dà bí ẹni pé ẹ ń fipá mú un."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run bá a ṣe é. Bá mi kí i."

Mo pa ìpè náà rẹ́ nínú fóònù, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo bu oúnjẹ fún un. Àyà mi kò tilẹ̀ já.

Súfèé ní láti dí àyè náà kíákíá, ó sì fi àbúrò rẹ̀, tí wọ́n dá dúró bíi ti ọkọ mi, dí i. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ epo gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹni tó bá kọ iṣẹ́ fún ìjọba. Oṣù parí, owó ìrànwọ́ kò wọlé. Ọkọ mi lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní ó kọ iṣẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó pe òun. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe gbogbo wa.

Yàrá kékeré kan ni, àga mẹ́rin, fáànù tó ń ké lókè orí wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ awò ojú ló ń gbọ́ ẹjọ́. Súfèé ní, "Mo pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọjú sí mi. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e?"

Mo ní, "Rárá o. Kò sẹ́ni tó pè."

Súfèé kò bínú. Ó rọra wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, rò ó dáadáa. Bóyá o gbàgbé ni." Ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi. Mo lè sọ pé òótọ́ ni, mo gbàgbé, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń wò mí, mo sì rò pé bí mo bá jẹ́wọ́ díẹ̀, yóò béèrè ìyókù. Mo ní, "Mi ò gbàgbé nǹkan kan sà. Ẹ ò pè."

Ọkọ mi dìde. "Súfèé, ká ní o tọrọ àyè náà lọ́wọ́ mi fún àbúrò rẹ ni, ǹ bá fún ọ. Ṣé ìyàwó mi ló máa parọ́ mọ́ ọ?"

Kò sẹ́ni tó lọ wá ìdí ìpè náà. Àbúrò tó wà lórí omi ti tó wọn ní ẹ̀rí. Wọ́n dá owó ọkọ mi padà, wọ́n lé Súfèé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí pé ẹ̀sùn ni wọ́n fi lé e, kò rí owó ìrànwọ́ kankan gbà, nígbà tí a ń gba tiwa. Wọ́n kó kúrò nílé wọn lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ wá kí n rán an, mo ní iṣẹ́ kún ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ṣófo lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà kò kí wọn mọ́, ẹ̀mí mi sì balẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbójú kúrò lára wọn. Ìwà ìkà ni, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ má rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Ọdún kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni àìsàn kídìnrín dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọsibítù, àwọn ọmọ ti lọ sílé, mò ń fún un lómi. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, mi ò sì ní bínú. Ṣé Súfèé pè lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbé ife omi náà sílẹ̀.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ó pè, bá mi ránṣẹ́ sí i kó wá, kí n bẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ gbé ẹ̀bi lọ sọ́run."

Ibi tí Súfèé ń gbé kò jìnnà sí ọsibítù náà rárá. Ọkọ mi ti ní òun ò ní bínú, ìdáríjì wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Mo ní, "Kò pè."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Nígbà náà, mo dárí jì í." Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Ó dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ sì jókòó tì í, ó ń fún un lómi mu.

Ẹ̀yin ìyàwó tí ọjọ́ orí yín kò tíì pọ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ yín gbélé, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún un. Èmi ò sọ ọ́ fún tèmi rí, títí ó fi kú. Bóyá ì bá gbà. Mi ò ní mọ̀ láéláé, ìyẹn sì ń dùn mí ju àìsàn yìí lọ.

Alága, ẹ má tíì sọ pé ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́rìí fún Súfèé, kó lè rí gbà lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí n lọ bá a. Mi ò tíì sọ fún un. Iwájú ènìyàn ni mo ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, iwájú ènìyàn ni mo ní láti tún un ṣe. Ọkọ mi fẹ́ bẹ̀ ẹ́, èmi ni mo dí ẹ̀bẹ̀ náà lọ́nà láti gbogbo ọdún yìí wá. Màá jẹ́ iṣẹ́ náà fún un lónìí, bó tilẹ̀ lé mi síta.

Àkọ́bí mi, mo rí i pé o ti dìde. Bó bá jẹ́ pé ìbínú ló ń gbé ọ lọ, mi ò dá ọ lẹ́bi, bàbá rẹ ni mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé Súfèé lò ń lọ, dúró dè mí, kí n wọ bàtà.